Ìjálá Kì í Ṣe Orin: Ohun Tó Wà Láàárín Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Orin Kíkọ

Bí ẹ bá ti dé ibi ìnáwó tí wọ́n pe oníjàálá, ẹni tó ń sun ìjálá, ewì àwọn ọdẹ, sí rí, tí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sì wà níjokòó, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Baba oníjàálá á bọ́ síwájú, á júbà, á gbóhùn sókè. Oníkíbọ́ọ̀dù á sáré máa wá ibi tí ohùn baba wà. Á tẹ eléyìí, kò bọ́ sí i. Á tẹ ìyẹn, ohùn ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ìlù jáàsì náà á ní kóun gbá a mú, á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á lù ú lẹ́ẹ̀kejì, baba ṣì wà lórí gbólóhùn kan náà, kò tíì mí. Nígbà tó bá yá, àwọn méjèèjì á káwọ́ gbera, wọ́n á máa wò ó.

Wọ́n mọṣẹ́ wọn o. Ohun tí kò jẹ́ kó bọ́ sí i ni pé baba ò kọrin. Kò sì sọ̀rọ̀ lásán, torí kò sẹ́ni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn nílé. Ààrin méjèèjì ló wà, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹ ó gbọ́ kí wọ́n máa sọ pé "orin ìjálá", "orin oríkì", "orin ẹ̀sà". Àwọn olùkọ́ Yorùbá máa ń pe ààrin yìí ní ìsàré. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kì í sábà da ara wọn láàmú pẹ̀lú orúkọ yẹn. Wọ́n á ní àwọn ń sun ìjálá, àwọn ń sun rárà, àwọn ń pe ẹ̀sà, àwọn ń pe Ṣàngó, àwọn ń ki èèyàn, àwọn ń dá ègè. Orin nìkan ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń kọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èwo lẹ ń gbọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ sí i. Orin máa ń gba àtẹ́wọ́, torí ó ní ibi tó ti ń balẹ̀, ó sì ń padà síbẹ̀ ṣáá. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè gbè é ní ìgbà kejì tó bá yí po. Ìsàré kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àtẹ́wọ́. Gbólóhùn kan lè gùn rẹpẹtẹ, kí èyí tó tẹ̀lé e má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ibi tí èémí bá parí sí ni gbólóhùn máa ń parí sí, ẹni tó ń sun ún nìkan ló sì mọ ibẹ̀. Ìyẹn ni elégbè ò ṣe rí ọ̀nà wọlé, òun náà ló sì pa oníkíbọ́ọ̀dù wa lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú oríkì Oníkòyí, ìran àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́, ká wò ó dáadáa: "Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni Ẹ̀ṣọ́ fi í gbọta." Ẹ fi dò-re-mí tí wọ́n kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn apá àkọ́kọ́. Dò mí dò mí re dò mí dò. Báyìí lẹ ó ṣe sọ ọ́ bí ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ yín tàkurọ̀sọ, ohùn yín á kàn máa gòkè díẹ̀, á máa sọ̀ díẹ̀. Bí oníjàálá bá gbà á lẹ́nu yín, dò mí dò mí ọ̀hún kò yí padà. Ohun tó máa ṣe ni pé á di "ṣọ́" mú, á fà á sókè kó lè jìnnà, á wá da "kì í gbọfà lẹ́yìn" sílẹ̀ wàràwàrà, láìmí ni á fi kó "iwájú gangan" mọ́ ọn. Onírárà ní tirẹ̀ kì í kánjú. "Lẹ́yìn" ni yóò fà, pàápàá "yìn" tó kẹ́yìn yẹn, á jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi tẹni tó ń dárò. Bí ó bá wá di orin, akọrin á fún gbólóhùn náà ní ohùn kan pàtó, á fi ohùn kan náà kọ èyí tó tẹ̀lé e, á sì fi àyè sílẹ̀ fún elégbè láti dá a lóhùn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo rẹ̀, mí kì í bọ́ sábẹ́ re tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníjàálá lè gbé mí rẹ̀ ga ju ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ, ó lè rẹ dò nílẹ̀ pátápátá, àmọ́ ipò tí kálukú wà sí ẹnì kejì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dàrú. Kò sẹ́ni tó jókòó kan tó ṣe ohùn fún ìjálá. Inú ọ̀rọ̀ ni ohùn rẹ̀ ti jáde. Òun ló jẹ́ kí ìyáàlù dùndún lè ki Oníkòyí láìlẹ́nu: awọ ìlù kò lè pe "gb", kò lè pe "f", dò mí dò mí nìkan ló ní, ọmọ Oníkòyí tó bá sì mọ oríkì ilé rẹ̀ á ti yára na owó.

Ìgbà tí èèyàn bá rí ibi tí wọ́n ti ṣe òdìkejì èyí ló máa ń mọ bó ti ṣe pàtàkì tó. Nígbà tí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ohùn orin ìyìn ti wà nílẹ̀ láti ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n wá ń wá tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́. Ẹ fi "ọkọ" sábẹ́ ohùn tó ń gòkè, ó di ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè. Ẹ fi sábẹ́ èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó di ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ láti kékeré débi pé etí wa ti gbà á, a kì í tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ mọ́. Àwọn kan kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà ní Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń tẹ̀lé nínú àwọn orin ìyìn tó ṣe, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 lọ gbà wọ́n sínú àwo.

Orin ìbílẹ̀ wa náà máa ń bọ̀wọ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ orin ní ohun méjì tó ń sìn, ọ̀rọ̀ àti ìlù. Bí àwọn méjèèjì bá forí gbárí, ìlù máa ń borí nígbà míràn, àwọn tó ń gbọ́ á sì dárí jì í torí pé ijó ni wọ́n wá jó. Ìsàré kò ní ọ̀gá méjì.

Èyí tún mú wa dé ibi kejì tó máa ń rú èèyàn lójú. Ọ̀pọ̀ rò pé ohun tó ya ìjálá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sà tàbí rárà ni ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, pé ìjálá ń sọ̀rọ̀ ẹranko àti ìgbẹ́, ẹ̀sà ń sọ̀rọ̀ ará ọ̀run, rárà ń sọ̀rọ̀ ọlọ́lá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Oníjàálá tí kò lè ki erin, kò lè ki ẹfọ̀n, kò lè ki ọ̀bọ, ó ku nǹkan kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Oníkòyí tí a wò lókè yẹn, ẹ ó bá a nínú ìjálá, ẹ ó bá a nínú ẹ̀sà, ẹ ó bá a lẹ́nu onírárà, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà tó ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ti ń kó ẹrù, ilé oríkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tó kọ̀wé lórí ìjálá ní 1966, sọ ọ́ níbẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gbé ewì jáde ni Yorùbá fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ju ohun tó wà nínú wọn lọ. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀jẹ̀, ìyẹn eléégún onídán, tó ń pe ẹ̀sà máa ń há ohùn, á jẹ́ kó tín-ín-rín kó sì lọ sókè. Rárà máa ń falẹ̀, ó sì ń fà gùn. Ìjálá ní tirẹ̀, ohùn ọdẹ ni, ó le, ó sì ń já lójijì. Bí ẹ bá gbé ohùn ẹ̀sà lé ọ̀rọ̀ ìjálá lórí, àwọn àgbà tó wà níjokòó á ní ẹ̀sà lẹ pè.

Níbo ni gbogbo èyí ti wá? Kì í ṣe ojú kan. Iṣẹ́ ọwọ́ àti òrìṣà ni wọ́n bá dìde, kálukú lábẹ́ ilé tirẹ̀.

Ti Ògún ni ìjálá. Àwọn ọdẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ, ẹni tó bá ń fi irin jẹun ló ni ín, wọ́n á sun ún níbi ọdún Ògún, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, níbikíbi tí ọdẹ bá péjọ sí pẹ̀lú ẹmu. Ọ̀kan wà nínú ẹbí rẹ̀ tí wọn kì í sun fún fàájì, ìyẹn ìrèmọ̀jé. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣípà fún un. Wọ́n á kó irinṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á sì sun ìrèmọ̀jé láti fi ya òkú náà kúrò nínú ẹgbẹ́ ọdẹ, kó má baà máa bá wọn lọ sígbó mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lóru máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èyí kì í ṣe ìjálá ibi àríyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn méjèèjì jọra.

Ẹ̀sà, tí àwọn míràn ń pè ní iwì, ti àwọn ọlọ́jẹ̀ ni, àwọn onídán. Ìtàn wọn fi orúkọ náà ti Ẹ̀sà Ògbín, baba ńlá àwọn tó ń fi egúngún ṣeré ní Ọ̀yọ́. Eré yìí pẹ́ láyé. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣe é fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí òjòlá ńlá kan tó ń fà nílẹ̀, ó sì rí egúngún funfun kan tó ń ṣe bí òyìnbó, tí àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́jẹ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n tún ń pè ní alárìnjó, kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní ti àwọn babaláwo, ìyẹ̀rẹ̀ ni tiwọn. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ tó wà nínú Odù kan kò sì níye, orí ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí babaláwo bá ń kọ́ ọmọ awo, ó máa ń sọ ẹsẹ Ifá bí ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n níbi ọdún tàbí ìpàdé awo, wọ́n máa ń sun ún ní ìyẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti di ìdánwò. Ẹni kan á máa sun ún, àwọn yòókù á máa dáhùn "hẹn-ẹn" ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó bá tọ̀nà. Bí ó bá ṣì í, wọn kì í ṣe "hẹn-ẹn" mọ́, wọ́n á ní kò rí bẹ́ẹ̀, kó padà lọ tún un ṣe. Àwọn tó rò pé ohun tí wọn kò kọ sílẹ̀ á ti máa yí padà ṣáá, ó yẹ kí wọ́n jókòó nírú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Ọfọ̀ yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Lójú tèmi, kò yẹ ká kà á mọ́ ìsàré rárá. Ọ̀rọ̀ sísọ ni, wúyẹ́wúyẹ́ sì ni wọ́n sábà ń sọ ọ́, torí wọn kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Obìnrin ní apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, bí àwọn ọkùnrin tilẹ̀ ń gba orúkọ. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn akùnyùngbà ló ń ki Aláàfin, wọ́n á to àwọn ọba tó ti wàjà lẹ́sẹẹsẹ láìfi ẹnì kan pe ẹnì kejì. Ní agbo ilé, àwọn obìnrin ilé ló ń sun rárà fún ọkọ àti ìyàwó tuntun. Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ní agbègbè Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ sun ẹkún ìyàwó, á lọ bá ìyá, á lọ bá bàbá, á lọ bá àwọn àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, á dúpẹ́, á tọrọ ìre, á ké ìbẹ̀rù ilé tí kò mọ̀. Ó ti máa ń kọ́ ọ tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Omijé máa ń wá níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sunkún tí kò lè sun ẹkún, ojú á tì í.

Àwọn tí mo ń dárúkọ láti àárọ̀ yìí, Ọ̀yọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí òun ni etí wa mọ̀ jù láti orí rédíò. Ẹ̀gbá ní ègè. Èkìtì ní alámọ̀. Ìjẹ̀ṣà ní olele. Lọ́dọ̀ àwọn Kétu àti Yewa, dé inú orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré agọ̀ wọn, tó jó lọ́sàn-án, á gbàdúrà fún ìlú, á kí àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí bú olè àti òbàyéjẹ́. UNESCO ti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára ohun àjogúnbá ayé láti 2001. Àwọn kan nínú ìwọ̀nyí ní elégbè tó ń dáhùn, èyí sì mú kí wọ́n súnmọ́ orin ju ìjálá lọ. Ààlà ọ̀hún kì í ṣe ògiri.

Kódà, oníjàálá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọdá ààlà náà. Ẹ tẹ́tí sí i bó bá ti ń parí. Ohùn á rọlẹ̀, gbólóhùn á máa kúrú, lójijì á dá orin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, onílù tó ti ń rọra lù ú lábẹ́lẹ̀ á gbé ìlù sókè, àwọn tó ti dákẹ́ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá á gbè é, wọ́n á dìde jó. Lẹ́yìn náà á tún dá ìlù dúró, á padà sínú ìsàré, tàbí kó gbé e fún ẹnì kejì. Bí ẹ bá gbọ́ ìyípadà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní ṣi ìjálá pè ní orin mọ́.

Àwa nìkan kọ́ la ní irú ohùn báyìí. Ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kò kọrin, àáfà tó ń ké Kùráánì kò kọrin, bó ti wù kí ohùn wọn dùn tó, ọmọ ilé kéú tó bá sọ fún àáfà rẹ̀ pé orin tó kọ dùn á gbọ́ tirẹ̀. Àwọn Kátólíìkì náà mọ ohùn tí fádà máa ń gbé nídìí pẹpẹ kó tó sọ búrẹ́dì di mímọ́, èyí tó máa ń dúró sójú kan pẹ́. Ibi tí èèyàn ti ń bá Ọlọ́run, òrìṣà tàbí òkú ọ̀run sọ̀rọ̀ ni ohùn yìí ti wọ́pọ̀ jù kárí ayé. Ìdí kan wà tó hàn gbangba: ohùn tí a bá gbé sókè tí a sì fà máa ń rìn jìnnà ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, nígbà tí kò sí gbohùngbohùn, ìgbẹ́ ọdẹ àti àgbàlá ààfin sì fẹ̀.

Ohun tí mi ò gbà ni ti àwọn tó máa ń sọ pé ìjálá ni ráàpù àwọn baba wa. Ráàpù kò lè kúrò lábẹ́ ìlù, orí ìlù ló ń gùn, bí ó bá já bọ́ o, àwọn èèyàn á mọ̀. Ìjálá kò gun nǹkan kan. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀gbọ́n fún ráàpù láàárín wa, ẹ lọ wò ó lágbo orin.

Ibi tí ìsàré ti ń jẹun dáadáa lónìí ni àárín orin gan-an. Ajísààrì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jí mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ràmàdáànì, ni fújì ti jáde, Síkírù Àyìndé Barrister ló sì fún un lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹ lọ sí ibi tí onífújì ti ń ṣeré kí ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí owó ń wọlé. Nígbà orin, ijó ni wọ́n ń jó. Bí ọlọ́lá kan bá yọjú, akọrin á na ọwọ́ sẹ́yìn, àwọn onílù á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á fi ìlà orin sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí ki baba náà láti orí baba ńlá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni agbádá máa ń dìde, tí náírà á sì bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Lórí rédíò, àwọn akéwì bíi Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ gba ọ̀nà míràn: wọ́n mú ohùn náà súnmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹni tó wà nílé lè gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìjẹ́ ọmọ ọdẹ tàbí ọmọ ọ̀jẹ̀.

Ní Kúbà, ọ̀nà tó gbà yàtọ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀, tí wọ́n wá ń jẹ́ Lukumí, gbé ìlù bàtá àti òrìṣà dání. Títí dòní, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun wọ́n á kọ́kọ́ ṣe "moyuba", ìjúbà wa náà ni, wọ́n á dárúkọ àwọn àgbà tó ti kú kí wọ́n tó kan òrìṣà. Akpwón ló ń dárin, àwọn yòókù ló ń gbè é. Ṣùgbọ́n èdè Sípáníìṣì tí àwọn ọmọ wọn ń sọ lójoojúmọ́ kò ní dò-re-mí bíi tiwa. Nígbà tí dò-re-mí ti kúrò lára ọ̀rọ̀, kò sí ohun tó kù tí á máa darí ohùn ìsàré. Orin ní ohùn tirẹ̀ tí ọmọ lè há sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi rò pé òun ló fà á tó fi jẹ́ pé orin òrìṣà ló kún ọwọ́ wọn níbẹ̀, tí irú ìsàré tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ bíi ti oníjàálá kò fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.